Ta Ló Jàre Nínú Ìjà Tí Ìwé Ayàwòrán Dá Sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Àwa mẹ́jọ la jọ máa ń ka ìwé lóṣooṣù. Èyí tí a kà kẹ́yìn jẹ́ ìtàn àròsọ nípa Édouard Manet, ayàwòrán ará Párísì, àti Victorine Meurent, ọmọbìnrin tó máa ń jókòó fún un kó lè yà á. A ka ìwé náà tán, ìjà ló dá sílẹ̀. Àwọn kan ní òǹkọ̀wé ba òkú lórúkọ jẹ́, nítorí ó ní ọmọbìnrin náà di ọ̀mùtí, ó sì kú ní kékeré sí ìgboro. Àwọn kan ní ó sọ ará àtijọ́ di ẹni òde òní. Ẹnì kan ní kí ló kan òun, ìtàn ṣáà dùn. Èmi ní tèmi sunkún níbi tó parí sí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́ láàárín wọn. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìjà ìwé o. Tí èèyàn mẹ́jọ bá ka ìwé kan tí ẹnu gbogbo wọn sì kò lé e lórí, ẹ̀rù máa ń bà mí pé ẹnì kan ṣoṣo ló kà á, àwọn yòókù kàn ń mi orí ni. Ti yín kò rí bẹ́ẹ̀, inú mi dùn sí i.

Kí n tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí etí odò kékeré kan ní Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1851. Odò Hogsmill lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan, John Everett Millais, jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń ya koríko, ó ń ya òdòdó, ó ń ya igi tó tẹ̀ sórí omi. Ó ya gbogbo rẹ̀, ó ku ẹni tó yẹ kó wà láàárín wọn. Nígbà tí òtútù dé, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó pọn omi kún ọpọ́n ìwẹ̀ kan nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Gower Street, ó sì ní kí Elizabeth Siddal dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Ilé àwọn tó ń ṣe fìlà obìnrin ni ọmọbìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ kí àwọn ayàwòrán tó rí i. Ó wọ aṣọ àtijọ́ kan tí wọ́n fi fàdákà ṣe ọnà sí lára. 4 pọ́n-ùn ni Millais ra aṣọ ọ̀hún, gbígbó àti ìdọ̀tí rẹ̀ náà sì wà nínú lẹ́tà tó kọ. Àtùpà ni wọ́n gbé sábẹ́ ọpọ́n kí omi má bàa tutù. Lọ́jọ́ kan, àtùpà kú. Iṣẹ́ ti wọ Millais lára, kò mọ̀. Ọmọbìnrin náà kò sọ̀rọ̀. Òtútù mú un títí ó fi dùbúlẹ̀ àìsàn, bàbá rẹ̀ sì béèrè 50 pọ́n-ùn lọ́wọ́ ayàwòrán. Nígbà tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán, owó dókítà ni Millais san.

Àwòrán náà wà ní Tate, ilé àwòrán kan ní Lọ́ńdọ̀nù, títí dòní. Ophelia lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tó kú sómi nínú eré Hamlet tí Shakespeare kọ. Mo ń sọ ọ́ fún yín nítorí àyè tó ṣófo láàárín koríko yẹn. Odò wà nílẹ̀, ọdún wà nílẹ̀, iye owó aṣọ pàápàá wà nílẹ̀. Ohun tí Siddal ń rò nínú omi tútù, tó fi dákẹ́, ni ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ ìtàn àròsọ ni láti wọ inú àyè yẹn. N kì í bá òǹkọ̀wé jà pé ó wọ ibẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé: odò tó ti wà níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé o fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, àbí o da ọ̀dà lé e lórí kí àyè lè gbà ọ́?

Ẹ wá jẹ́ ká gbé Victorine síbẹ̀ ká wò ó.

Lọ́dún 1844 ni wọ́n bí i, ní Párísì. Láti ọdún 1862 ló ti ń ṣe mọ́dẹ́lì fún Manet. Òun ni akọrin ìgboro tó gbé gìtá dání tó ń fi èso ṣẹ́rì sẹ́nu. Òun ni obìnrin tó jókòó sórí koríko ní ìhòòhò láàárín àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù, àwòrán tí ìgbìmọ̀ Salon, ìpàtẹ ńlá ìjọba, kọ̀ lọ́dún 1863. Òun náà ni Olympia, tó na ara sórí bẹ́ẹ̀dì, tó so rìbọ́ọ̀nù dúdú mọ́ ọrùn, tó tẹjú mọ́ ẹni tó ń wò ó bí ẹni pé ó ń béèrè pé kí lo wá ṣe. Nígbà tí wọ́n gba Olympia sí Salon lọ́dún 1865, ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n gbé ẹ̀ṣọ́ tì í, nígbà tó yá wọ́n lọ gbé e kọ́ sókè réré kí ọwọ́ àwọn èèyàn má bàa tó o. Ẹ ka ohun tí àwọn alárìíwísí ìgbà náà kọ sínú ìwé ìròyìn, ẹ óò rí i pé ayàwòrán nìkan kọ́ ni wọ́n bú. Ara ọmọbìnrin náà ni wọ́n dojú kọ. Àwọn kan ní ó jọ òkú tó wà nílé ìgbókùúsí. Ọmọ ọdún 21 ni, ó wà láàyè, ó ń rìn kiri nínú ìlú kan náà pẹ̀lú wọn.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìtàn ọ̀mùtí yẹn ti ta gbòǹgbò. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti wò bí aṣẹ́wó nínú àwòrán, kò sẹ́ni tó rò pé ó lè dàgbà, kó darúgbó, kó ní ilé. Àwọn tó kọ ìtàn ayé Manet gbọ́ àhesọ, wọ́n kọ ọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn dà á kọ. Nígbà tó yá ó di òótọ́ nítorí pé ó ti wà nínú ìwé mẹ́rin.

Àkọsílẹ̀ sọ nǹkan mìíràn. Lọ́dún 1876 ìgbìmọ̀ Salon dá iṣẹ́ Manet padà. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gba ti Victorine wọlé: àwòrán ara rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ẹ tún un kà, nítorí mo mọ òǹkọ̀wé tó kọ ojú ìwé 400 nípa àwọn méjèèjì tí kò rí àyè fún gbólóhùn kan yìí. Lọ́dún 1879 iṣẹ́ rẹ̀ àti ti Manet wà nínú yàrá kan náà, torí pé lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ni wọ́n fi ń pín yàrá, M àti M sì jọ pàdé. Manet kú lọ́dún 1883. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà Victorine kọ lẹ́tà sí opó rẹ̀. Ó ní Manet ti ṣèlérí pé òun máa fún un ní nǹkan tí àwọn àwòrán bá tà, pé òun kò gbà á nígbà náà, pé òun sọ fún un pé tí òun kò bá lè ṣe mọ́dẹ́lì mọ́, òun á rán an létí. Ọjọ́ náà ti wá dé. Lẹ́tà yẹn kò jọ ti ọ̀mùtí. Ẹni tó mọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ tó, tó sì fara balẹ̀ béèrè, ló kọ ọ́. Lọ́dún 1903 ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Faransé gbà á. Ọdún 1927 ló kú, ní Colombes lẹ́bàá Párísì, ẹni ọdún 83.

Òṣì bá a o, n kò ní tan yín. Lẹ́tà sí opó fúnra rẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òṣì yàtọ̀ sí ikú ìgboro, 83 sì yàtọ̀ sí kékeré. Nítorí náà, àwọn tó ní wọ́n ba òkú lórúkọ jẹ́ jàre. Kí wọ́n ṣáà lọ wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà. Tó bá jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1950 ni, òǹkọ̀wé ní àwíjàre: ohun tó wà lọ́wọ́ aráyé nígbà yẹn ló lò. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ọdún 2000, kò ní. Ó rí odò, ó da ọ̀dà lé e.

Irú èyí pọ̀ nínú ìwé ayàwòrán àti mọ́dẹ́lì, ẹ óò tún pàdé rẹ̀. Siddal yẹn náà fẹ́ Dante Gabriel Rossetti, ayàwòrán àti akéwì, lọ́dún 1860. Lọ́dún 1862 laudanum, oògùn apàrora ìgbà náà, pa á. Rossetti fi ìwé ewì tó fọwọ́ kọ sínú pósí pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn náà ó fẹ́ ewì rẹ̀ padà, wọ́n sì hú sàréè ní Highgate, itẹ́ òkú kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí òǹkọ̀wé tó lè rí ìran báyìí kó fò ó. Lálẹ́, pẹ̀lú iná, pẹ̀lú irun pupa tó ń hù lọ nínú pósí, Rossetti sì dúró sí etí kòtò tó ń gbọ̀n. Ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n Rossetti kò sí níbẹ̀. Àwọn mìíràn ló rán lọ. Ọ̀rọ̀ irun yẹn, ọ̀dọ̀ Charles Augustus Howell tó wà lára wọn ló ti wá, ọkùnrin tí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Lójú tèmi, òǹkọ̀wé tó bá ní ọpọlọ á fi Rossetti jókòó sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, kó máa dúró de ẹni tó ń bọ̀ wá jíṣẹ́. Ìyẹn burú ju etí kòtò lọ, ó sì jẹ́ òótọ́.

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù nípa Siddal kì í ṣe sàréè. Òun náà ń yàwòrán, ó ń kọ ewì. Lọ́dún 1855 John Ruskin, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára jù lórí iṣẹ́ ọnà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà láti máa san 150 pọ́n-ùn fún un lọ́dún kó lè máa gba àwọn àwòrán rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn àròsọ, ó kàn ń hú ikọ́ ni.

Ó kan àwọn tó ní òǹkọ̀wé sọ Victorine di ẹni òde òní. Wọ́n lè jàre, wọ́n sì lè jẹ̀bi, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ní ibi méjì tí èèyàn máa ń ṣì í gbà. Tó bá jẹ́ pé ohun tó bí wọn nínú ni pé Victorine ní ìfẹ́ inú tirẹ̀, pé ó fẹ́ di ayàwòrán, pé ó ń dá Manet lóhùn, kí wọ́n rọra. Suzanne Valadon, tí wọ́n bí lọ́dún 1865, ṣe mọ́dẹ́lì fún Renoir, fún Toulouse-Lautrec, fún Puvis de Chavannes. Bó ṣe dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń yà á ló ń fi ojú kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Degas, ayàwòrán bíi tiwọn, rí àwọn àwòrán rẹ̀, ó rà nínú wọn, lọ́dún 1894 wọ́n sì gba iṣẹ́ rẹ̀ sí ìpàtẹ Société Nationale, ẹgbẹ́ ńlá àwọn ayàwòrán. Kò sẹ́ni tó ti ọ̀rúndún wa padà lọ kọ́ ọ ní ìfẹ́ inú.

Ibi tí òde òní ti máa ń yọ́ wọ inú ìwé ni òfin àti owó. École des Beaux-Arts, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìjọba ní Párísì, kò gba obìnrin wọlé títí di ọdún 1897. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni bíi ti Julian ló ń lọ, ó sì ń sanwó. Ní Faransé, ọdún 1907 ni òfin tó jẹ́ kí obìnrin tó lọ́kọ ní àṣẹ lórí owó iṣẹ́ ara rẹ̀ dé. Ẹ fi èyí lé ìwé náà lọ́wọ́. Bí Victorine bá ń fi gbogbo ẹnu sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí kò sì sí ibi tí owó ilé gbé ń ká a lára, ẹni òde òní ni wọ́n wọ aṣọ àtijọ́ fún. Bó bá ń ṣírò pé tí òun bá kọ iṣẹ́ òní sílẹ̀ òun á jẹun títí di ọjọ́bọ̀, ẹ fi òǹkọ̀wé náà sílẹ̀, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ibi yìí gan-an ni èmi ti máa ń dá ìwé báyìí mọ̀, kì í ṣe nínú ìfẹ́, kì í ṣe nínú ìhòòhò. Ṣé òǹkọ̀wé mọ̀ pé iṣẹ́ ni? Mo ti jókòó fún ayàwòrán rí, lẹ́ẹ̀kan péré, aṣọ sì wà lọ́rùn mi, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mọ́dẹ́lì rẹ̀ kò wá. Ó ní kí n yí ojú díẹ̀ sí apá òsì, kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orúnkún. Mo rò pé ìsinmi ni. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Lẹ́yìn náà ni ọrùn. Láti ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹsẹ̀ òsì mi kú, n kò mọ̀ ọ́n mọ́ bí ẹsẹ̀ ara mi. Àbàwọ́n kékeré kan wà lára ògiri níwájú mi tí mo kórìíra títí dòní. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni etí. Èèyàn kò lè wo ẹni tó ń yà á, etí ló fi ń bá iṣẹ́ lọ: èédú ń ha ìwé, ó dúró, ó sì dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, o mọ̀ pé ó ti bà á jẹ́, o sì mọ̀ pé wọ́n á tún un ṣe láti orí ẹsẹ̀ tó ti kú yẹn. Nígbà tó ní kí n sinmi, ó kọ́kọ́ fi ẹfun fa ìlà yí bàtà mi ká kí n tó dìde, kí n lè padà síbi tí mo wà gan-an.

Kò sí ìfẹ́ kankan nínú yàrá yẹn, mo fi dá yín lójú. Tí ìfẹ́ bá máa wà, ó di ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá padà sínú ẹsẹ̀. Ẹ padà sínú ìwé yín, ẹ wá ẹsẹ̀ tó kú, ẹ wá ìlà ẹfun, ẹ wá ọmọbìnrin tó ń fetí ka inú ọ̀gá. Bí ojú ìwé 300 bá lọ tí mọ́dẹ́lì kàn ń lẹ́wà ṣáá, òǹkọ̀wé náà ń ṣe ohun tí ayàwòrán burúkú ń ṣe: ó wò ó, kò rí i.

Ẹ tún bá mi wo nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò mẹ́nu bà. Nínú Olympia, èèyàn méjì ló wà. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan dúró lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ó gbé òdòdó dání. Laure lorúkọ rẹ̀. Manet kọ orúkọ náà sínú ìwé kékeré rẹ̀, pé ó lẹ́wà gan-an, pé ilé kọkànlá ní rue de Vintimille ló ń gbé. Ìyẹn jẹ́ lẹ́yìn ọdún 1848 tí Faransé fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ ló wá ṣe, bíi ti Victorine. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì jọ wà níwájú kánfáàsì kan náà, kí ni wọ́n sọ fún ara wọn nígbà ìsinmi? Odò kékeré péré ló wà níbẹ̀, orúkọ kan àti àdírẹ́sì kan. Gbogbo ìyókù ṣófo. Musée d'Orsay, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ní Párísì, ṣe ìpàtẹ ńlá lọ́dún 2019 lórí àwọn mọ́dẹ́lì aláwọ̀ dúdú, Laure sì wà lára àwọn tí wọ́n gbé síwájú. Ṣé ó sọ̀rọ̀ nínú ìwé yín? Tí kò bá sọ gbólóhùn kan, ẹ̀sùn yẹn wúwo lójú mi ju ti òde òní lọ.

Ẹni tó ní kí ló kan òun, mo ní kó má ṣe tijú, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára. Ó sinmi lórí irú ẹni tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Ọmọbìnrin tó fi yẹtí píálì sí etí tí Vermeer, ayàwòrán ará Netherlands, yà ní nǹkan bí ọdún 1665, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ jẹ́ àwòrán ẹnì kan pàtó, nítorí irú àwòrán orí báyẹn wọ́pọ̀ nílẹ̀ Netherlands nígbà náà, tí wọ́n kàn ń fi ojú àti aṣọ dárà. Òǹkọ̀wé tó bá fún un ní orúkọ, ní ìyá, ní òfin ilé, kò gba nǹkan lọ́wọ́ òkú kankan. Nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni yín yẹn jàre pátápátá. Marie van Goethem wà láàárín méjì: ọmọ ọdún 14 tó ń jó ní ilé Opéra, tí Degas fi ìda mọ ère rẹ̀, tó wọ yẹ̀rì oníjó àti bàtà gidi fún un, tó sì gbé e síta lọ́dún 1881. Lọ́dún 1882 ilé Opéra lé e nítorí pé kì í wá déédéé. Láti ìgbà náà ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣókùnkùn. Kí òǹkọ̀wé ṣe bó ṣe fẹ́ lẹ́yìn ọdún 1882; kí ó tó dé ibẹ̀, kó tẹ̀ lé odò.

Victorine kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi lẹ́tà sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ló kan òun nípa rẹ̀ ń bá àwọn alárìíwísí 1865 gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ sunkún ńkọ́? Kí ni ìtìjú ibẹ̀? Ẹ kò sunkún fún irọ́. Ẹ sunkún fún ọmọbìnrin tí wọ́n lò tán tí wọ́n sì gbàgbé, irú wọn sì pọ̀ ní Párísì ìgbà náà ju iye tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ. Òǹkọ̀wé kàn gbé orúkọ Victorine kọ́ wọn lọ́rùn ni. Ẹkún yín tọ́, àdírẹ́sì ló ṣì.

Àwòrán ara rẹ̀ yẹn, tó yà nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 32, sọnù fún ọjọ́ pípẹ́. Lọ́dún 2021 ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ti Boston rà á, inú ilé kan náà tí akọrin ìgboro onígìtá tí Manet yà wà. Ẹ wá àwòrán méjèèjì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà tí ẹ bá tún jókòó, ẹ̀yin mẹ́jọ. Kí ẹnì kan wá ka orí tó gbẹ̀yìn ìwé náà sókè, kí àwọn yòókù máa wo ojú rẹ̀.